Hóró Àgbàdo Muhsinah

Ilé Ọlọ́kùúta,
Ọ̀kà Àkókó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ogúnjọ́, oṣù Èrèlè, 2025.

Àǹtí Rùkáyàt mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kàdúná? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àdúrà ogójì ọjọ́ Muhsinah, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti kọjá. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kò lè wá. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Àwọn olùwádìí kan wá sí àdúgbò wa láti yunifásítì Àkùngbá. Wọ́n fẹ́ mọ bí àìní, iṣẹ́ òòjọ́ wa àti ilẹ̀ tí à ń gbé ṣe kan ara wọn. Wọ́n ní kí àwa fúnra wa ya àwòrán àdúgbò wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A fi eérú ṣe ọ̀nà. A fi ewé gbígbẹ ṣe odò, torí ó ti gbẹ láti ìgbà tí a ti ń gé igi orí òkè sun èédú. A fi àwo fífọ́ ṣe kòtò tí àwọn ọkọ wa ti ń fọ́ òkúta. Òjò ti sọ apá kan rẹ̀ di adágún, ibẹ̀ la sì ti ń pọnmi báyìí. Ibẹ̀ ni Muhsinah yọ̀ ṣubú sí.

Bọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣáájú wọn, wá ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan gbé hóró àgbàdo kan sórí àwòrán náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ní. Ìyá Anwar pariwo: "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Àbí ẹ fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ ọmú ni?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àgbàdo.

Àǹtí mi, kí ni mo tún ń bẹ̀rù? Mo mú hóró kan, mo fi í sínú àwo fífọ́ náà.

Baba Muhsinah ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ kòtò. Bí ìjọba bá tì í pa, kí la ó jẹ? Ọkùnrin kan tilẹ̀ jágbe: "Ìyá Muhsinah, ṣé ẹ fẹ́ kí ebi lù wá pa ni?" Ìyá Anwar dìde, ó fi hóró tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Àbúrò Anwar tí kòtò yìí gbà lọ́wọ́ mi nìyí," ló wí, ó sì jókòó.

Àwọn olùwádìí ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ní àwọn yóò fi han ìjọba. Bí wọ́n ṣe dìde ni adìyẹ rọ́ dé. Kí n tó débẹ̀, Baba Muhsinah ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ṣa hóró méjèèjì. A kò mọ èwo ni tiwa mọ́. Ó fún Ìyá Anwar ní ọ̀kan, ìkejì wà lápò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún gbé òòlù lọ sí kòtò náà láàárọ̀ yìí. Ebi kò mọ ọ̀fọ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kà wọ́n.

Àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Safinat, Ìyá Muhsinah.