Ọrùn Abẹ́ Síkáàfù

Ajé, 24 oṣù kẹta, 2025

Tiffany, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, ló ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ó máa ń ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tán lọ́wọ́. Ìwé kíláàsì Bíbélì ni èyí tẹ́lẹ̀. Mo ya ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ dànù.

Ó dáa. Akínwùmí lorúkọ mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Èmi ni mò ń fi ọkọ̀ kó àwọn arúgbó àdúgbò Queens tí à ń gbé lọ sí ọsibítù kí èmi náà tó di ẹni tí wọ́n ń kó. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n fi ìtànṣán jó o lẹ́ẹ̀márùndínlógójì. Iná ọsibítù ni mò ń pè é. Wọ́n ní àìsàn ti lọ. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n iná náà fi nǹkan sílẹ̀. Láti abẹ́ etí ọ̀tún títí dé ibi tí ọrùn parí sí — dúdú bí ìdí ìkòkò, irùngbọ̀n ò sì hù níbẹ̀ mọ́. Apá òsì ńkọ́? Irùngbọ̀n kún fọ́fọ́. Mo sọ ibi dúdú náà ní Àlejò. Kò sọ ọjọ́ tó máa lọ.

Doyin ìyàwó mi ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú Doyin ríran dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Mo wé síkáàfù mọ́rùn nínú ilé, hítà sì ń gbóná. Doyin wò mí. Ó lọ yí hítà sílẹ̀.

Àìkú, 30 oṣù kẹta

Ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sápá ògiri kí Àlejò lè kọjú sí bíríkì.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ yìí. Lẹ́yìn ìsìn, Fíkà wa ní kí n wá ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ Àjíǹde. Ó ní gbogbo ìjọ ló ń retí mi. Mo ní ohùn mi ò tíì padà. Irọ́ ńlá. Lánàá òde yìí ni mo pariwo bọ́ọ̀lù títí aládùúgbò fi wá kanlẹ̀kùn. Doyin kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Fíkà ní òun ò ní fún ẹlòmíì títí di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mímọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Àjíǹde tó dé. Kí n dúró níwájú, kí gbogbo ojú wà lọ́rùn mi? Ó sàn fún mi kí n kúrò nínú ìjọ.

Fẹ́ńtà jókòó sẹ́yìn pátápátá bó ṣe máa ń ṣe, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀. Kí n kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe rí, níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó máa kà á. Ìníọlá lorúkọ rẹ̀. Níbi ìkórè ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo di máìkì mú. Ó jáde wá fi ọrẹ sílẹ̀. Ó ń bóra nígbà náà, ojú ti pọ́n, oríkèé ọwọ́ ṣì dúdú. Mo ní: "Fẹ́ńtà lójú, Kóòkì lọ́wọ́! Olúwa, ẹ bá wa da méjèèjì pọ̀!" Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń kí mi kú àwàdà. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Kò kọrin nínú kwáyà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ọjọ́ náà gan-an ni.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

Mo bi Tiffany pé ìgbà wo ni dúdú yìí máa lọ. Ó ní yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, òmíràn kì í sì í lọ tán. Kí n máa fi ọṣẹ pẹ̀lẹ́ fọ̀ ọ́, ìpara tí kò ní òórùn, kí oòrùn má pa á, kí n má gbé bíléèdì débẹ̀. Kí n tó fi ohunkóhun mìíràn kàn án, kí n pe òun ná.

Ó tún ní kíláàsì kan wà ní ọsibítù, ọ̀fẹ́ ni, fún tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n á kọ́ èèyàn bó ṣe máa fi àtíkè tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu bo irú nǹkan báyìí láìpa ara lára. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi? Àtíkè? Àgbà ìjọ?

Ọdún kan, ó ní. Ọjọ́ méjìdínlógún ni mo ní.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Àmọ́ ìwé ò lẹ́nu.

Mo sọ fún Doyin pé mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn. Bọ́ọ̀sì, sọ́bùwéè, fẹ́rì, bọ́ọ̀sì. Láti ilé wa ní St. Albans dé Stapleton. Ó lé ní wákàtí méjì. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ilé mi o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Staten Island. Síkáàfù, fìlà, awò dúdú. Àfi bí olè.

Obìnrin ará Ìbàdàn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, Sìlífátù lorúkọ rẹ̀. Mo ní mò ń wá ìpara tó ń mú àwọ̀ mọ́lẹ̀. Ó bi mí pé fún ta ni. Mo ní ìyàwó mi. Ó ní, "Báwo lara wọn ṣe dúdú tó, Alàgbà?" Mo ní bíi tèmi. Ó wo síkáàfù mi. "Ẹ bá mi sọ fún màdáámù kí wọ́n má fi sójú egbò o. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú dókítà, kó má lò ó rárá." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àpòpọ̀ tó pò fúnra rẹ̀ ni. Ike funfun, kò sí ìwé lára rẹ̀. Nínú fẹ́rì, mo di ike náà mú nínú àpò títí a fi gúnlẹ̀. Gbogbo àwàdà tí mo ti fi àwọn abóra ṣe láti ọdún yìí wá, gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi délé.

Ajé, 7 oṣù kẹrin

Ó ń ta mí. Wọ́n ní tó bá ń ta, ó ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Ó mọ́lẹ̀ díẹ̀! Mo lọ wo dígí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo kọrin nínú bálùwẹ̀, Doyin sì kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Mo pe Fíkà. Mo ní kó kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kejì, ohùn ti dé.

Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Ọrùn mi bó.

Pupa, omi ń jáde lára rẹ̀, síkáàfù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò lè dá yọ ọ́. Mo ní láti pe Doyin. Ó da omi sí i, ó ń rọra ṣí i. Ìgbà tó ń wá aṣọ ìnura ló rí ike lẹ́yìn búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Dádì Kúnmi. Ìpara ìbóra lẹ fi pa ibi tí wọ́n fi iná jó?"

Mo nawọ́ láti gba ike náà.

"Ẹ̀yin?"

Ẹ̀yin yẹn ló dùn mí ju ọrùn lọ. Ó ti tó ogún ọdún tí òun náà ra tirẹ̀ kékeré kan. Mo sọ ọ́ sínú pàǹtí lójú àwọn àlejò, mo sì fi ṣe ìwàásù. Kò rán mi létí. Ó kàn gbé fóònù, ó pe ọsibítù.

Ajé, 14 oṣù kẹrin

Láti ọjọ́ Ẹtì tí Doyin pè wọ́n ni oògùn wọn ti wà lọ́rùn mi, òní ni mo padà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ní Ọlọ́run ló yọ mí — bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Awọ tí iná ọsibítù ti kàn kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ike tí kò ní ìwé lára. Ó ti ń gbẹ. Kí n má fi nǹkan kan sí i yàtọ̀ sí oògùn wọn.

Tiffany ò bú mi. Ó kàn bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe òun. Mo ní ojú ń tì mí. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì mi. Ó tún kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún kíláàsì àtíkè. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹrin

Kíláàsì. Obìnrin márùn-ún àti èmi. Olùkọ́ ní kò sí àtíkè fún ọrùn mi títí awọ á fi jinná, ṣùgbọ́n kí n fi ọrùn ọwọ́ kọ́ ọ. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa yan àwọ̀ tó bá mi mu, àti pé kí n máa fọ kànìnkànìn tí wọ́n fi ń pa á. Ó ní irùngbọ̀n apá òsì ni kí n fi máṣíìnì gé mọ́lẹ̀, kí méjèèjì lè bára dọ́gba. Nǹkan tó rọrùn tó yẹn. Mi ò rò ó.

Mo tẹrí, àtíkè lọ́wọ́, ọrùn níta gbangba. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tó ti ìyá arúgbó kan wọlé lórí kẹ̀kẹ́ — Ìníọlá.

Mo gbàgbé pé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ó rí mi. Ó rí ọrùn, ó rí àtíkè. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ káàsán, sà." Ó sì yíjú sí ìyá arúgbó náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè ràn án lọ́wọ́. Mo rí ọwọ́ náà. Kì í ṣe dúdú lásán. Ó ń dán, ó hunjọ lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Mo mọ irú awọ yẹn báyìí. Mo wé e sọ́rùn.

Mo dúró dè é lẹ́nu élífétọ̀. Mo ní kó forí jì mí. Mo ní lọ́jọ́ Àjíǹde, kí n tó ka ẹ̀kọ́, màá gba máìkì, màá bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ìjọ.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má tún fi máìkì dárúkọ mi mọ́."

Mo ní kí ni kí n wá ṣe. Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní ọ̀sẹ̀ ìkórè yẹn lòun lọ ra ìpara tó le jù, kí ọwọ́ lè bá ojú mu. Ìpara náà ló jó o. Élífétọ̀ dé. Ó ti ìyá náà wọlé. "Ó dàbọ̀, sà."

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹrin

Oúnjẹ ò lọ. Kí ọwọ́ lè bá ojú mu.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Doyin, títí dórí Stapleton. Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ó ní kí n má ronú pé mo lè fi ẹ̀bẹ̀ kó o jọ. Lẹ́yìn náà ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Fíkà pè. Ṣé màá kà á? Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá sá pamọ́, a jẹ́ pé mo gbà pé òótọ́ ni àwàdà mi. Mo ní màá kà á. Láìsí síkáàfù.

Àìkú, 20 oṣù kẹrin. Ọjọ́ Àjíǹde

Doyin gé irùngbọ̀n mi mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Ọrùn ti gbẹ, àmì-àmì, pupa lára dúdú. Ó ṣí agbòòrùn bò mí títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo dúró níwájú. Ohùn mi ò gbọ̀n. Mo ka ẹ̀kọ́ dópin. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí n tó pa Bíbélì dé, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń kí ara wa ní àlàáfíà, wọ́n rọ́ bò mí. "Jagunjagun!" "Àpá ìṣẹ́gun rèé o!" Ẹnì kan fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ń sunkún. Mo ń wo ẹnu wọn. Àwọn ẹnu ọjọ́ ìkórè náà ni, kò yẹ̀.

Ọrùn tèmi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ tirẹ̀, èmi ni mo kọ́ wọn láti fi rẹ́rìn-ín.

Mo rìn dé ẹ̀yìn pátápátá. Ìníọlá dìde. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo ti ń retí pé yóò bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn lónìí. Kò bọ́ ọ. "Àlàáfíà Olúwa, sà." Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ náà nípọn. Mi ò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù.