Òdòdó Pupa Lára Àpò Òwú

Ìyá mi ní Ìlobù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kùmásì. Ara mi le o. Mo ti parí ẹ̀bùn àbúrò mi Rísíkátù, tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán ní Ìfọ́n: tìmùtìmù abẹ́rẹ́, àpò àlùmọ́gàjí àti àpò òwú. Òdòdó pupa kan náà ni mo fi abẹ́rẹ́ kó sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo so kókó sí ìdí òwú pupa kí n má baà ṣì í mú, ṣùgbọ́n kókó náà tú. Ará ilé ti lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tí mo lè bi, mo kàn ń rán an lọ ni. Ẹ bá mi wo ti àpò òwú: ṣé pupa ni?

Ẹ kí Bàbá. Tí wọ́n bá ní ìkọ̀wé yìí kò jọ tèmi, ẹ ní èmi ni mo kọ ọ́, ìka ni mo fi ń wá ojú ìlà báyìí.

Mùíbátù yín.