Èèrí Ògì Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Ọlájùmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ebi wà nínú ilé yín ni? Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí, mo fi sínú àpò èèrí yìí, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, Akinolúwa ọkọ rẹ lè wà nítòsí, o ò sì ní lè sọ òótọ́.

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ayọ̀olúwa ọmọ rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó dá inú mọ́ ọn náà ni yóò bá wa tún un ṣe. Àwa náà ń bẹ ní Ìlọrà. Ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Awẹ́ ti ta, orúnkún bàbá rẹ ni kò jẹ́ kó lọ wò ó.

O ní dókítà sọ pé àlìkámà kò bá inú ọmọ náà mu, pé fúláwà ẹ̀gẹ́ lo fi ń ṣe bisikíìtì fún un báyìí. Ìyẹn yé mi, ẹ̀gẹ́ la fi tọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní kò rí ìgbẹ́ yà dáadáa mọ́, pé kí n má da èèrí ògì nù, kí n sá a, kí n fi ránṣẹ́ kí o máa pò ó mọ́ bisikíìtì, àyà mi já. Láti ìgbà tí mo ti ń sẹ́ ògì, ewúrẹ́ ló ń jẹ èèrí. O ní ohun kan tó ń jẹ́ fáíbà wà nínú rẹ̀, tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Mo tẹ́ ẹ sóòrùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò tọwọ́ tẹsẹ̀, èèrí nìkan ni mo rí. Bàbá rẹ bi mí bóyá ìwo ti ń hù lórí ọmọ ọmọ òun. O tún ní kó máa mu omi púpọ̀ lé e. Jùmọ̀kẹ́, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí oúnjẹ kò tó ló ń fi omi dí inú?

Mo wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ò ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí mo fi dé ilé ìdáná lẹ́yìn rẹ, mi ò rí àpò ìrẹsì kankan.

Síbẹ̀ mo dán an wò. Ṣíbí méjì lo ní o máa bù sí ife fúláwà kan. Mo rò pé ò ń ṣún un lò ni, mo bu ife méjì. Mo po ẹyin àti òróró mọ́ ọn, mo yan án nínú ìkòkò oníyanrìn. Ó le bíi bíríkì. Bàbá rẹ ní ó dára láti fi ti ilẹ̀kùn, àmọ́ ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó jẹ mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orin ìyìn ló ń kọ jáde ní ṣáláńgá, torí ti òun náà ti ń há láti Ọdún Àjíǹde. Ó ní bó bá jẹ́ ìṣẹ́ nìyẹn, kí ìṣẹ́ má lọ. Mo ní kí Ọlọ́run má ka ìyẹn sí àdúrà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sá èèrí inú àpò yìí fún ọ. Àmọ́ mo ti sọ fún Màmá Dorothy ará ìjọ wa kó bá mi gbàdúrà, òun náà sì sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ń dá gàárì àti iṣu jọ, àwọn méje ló fẹ́ gbé e wá fún ọ ní Èkó ní Sátidé. Bí ebi bá wà, má tijú, gbà á. Bí kò bá sí, èmi ni n ó tijú, mo sì fara mọ́ ọn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ajọ̀ tuntun tí n ó máa fi sẹ́ ògì. Bí kò bá sí, má yá a o. Ìyẹn náà yóò jẹ́ èsì fún mi. Oúnjẹ kò ní wọ́n yín. Ohun tí Ayọ̀olúwa bá jẹ yóò bá a lára mu, ohun tó yẹ kó jáde kò ní há. Àmín.

Ìyá rẹ ni. Awakọ̀ tó gbé àpò yìí ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Jọ̀wọ́ tètè kọ èsì lé e lọ́wọ́, àwọn obìnrin náà ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀.