Táyà Ẹ̀yìn Tí Kò Yí

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kí Bùọ̀dá Akin àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Jakande. Mo mọ̀ pé Bùọ̀dá ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí wọ́n jọ̀ọ́ má fo ibi tó rùn.

Ara mi le, àmọ́ gbogbo Kánádà yìí ló ń rí mi lára. Òtútù tó ń gé ènìyàn létí, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

Màmá, ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ Sátidé wa. Ẹ ó ní ọmọ yín kankan kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò ẹlẹ́gbin lọ sílé Ọlọ́run. Màá fọ ọ́ títí yóò fi máa dán, màá wá fa bíréèkì ọwọ́ sókè gírígírí bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Sátidé tó kọjá, èmi ọlọ́gbọ́n, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbí. Àwọn aládùúgbò ń wò mí lójú fèrèsé bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo ní ọ̀bùn ni wọ́n.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé àwọn arúgbó dìde, kí n wẹ̀ fún wọn, kí n pààrọ̀ aṣọ wọn. Ìyá kan wà tí kò lè dá dìde rárá. Bí mi ò bá dé, ibi tó sùn sí náà ni yóò wà.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀, mo tẹ mọ́tò, ló bá ń ké. Mo pe Sọjí, ọmọ Ajah tí a jọ wà níbí. Ó ní bíárìn, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí, ló bàjẹ́, pé no wàhálà, kí n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ jàre. Mo tẹ̀ ẹ́, òórùn rọ́bà gba àdúgbò. Ìgbà tí mo yọrí wẹ̀yìn, táyà mẹ́ta ń yí. Ti ẹ̀yìn lápá òsì ń wọ́ lórí yìnyín bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà.

Mo rò ó wò. Bíárìn kì í ṣàdédé bàjẹ́ mọ́jú. Ì bá ti máa kùn tẹ́lẹ̀. Mo fi jáàkì gbé e, mo fọwọ́ yí táyà, kò mì. Omi tí mo fi fọ mọ́tò ló ti wọnú bíréèkì, ó di yìnyín mọ́jú, ó sì lẹ bíréèkì tí mo fà mọ́ táyà. Mo fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ yíká títí ó fi dún pó, tó sì yí. Inú bí mi débi pé mo tutọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, òórùn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tọ̀ sára, ó ti yàgbẹ́ sára, ó kọjú sí ògiri. Kò bú mi. Ńṣe ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Kì í ṣe ìgbẹ́ ló rí mi lára. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé nílùú yìí kan náà! Mo ń ṣépè fún wọn nínú bí mo ṣe ń nù ún, àfi bí mo ṣe rántí orúnkún yín tó máa ń dùn yín àti àtẹ̀gùn ilé wa, àti pé Bùọ̀dá àti ìyàwó wọn máa ń jáde ní ìdájí. Mo jáwọ́ nínú èpè, kó má baà kan èmi náà.

Mi ò fọ mọ́tò mọ́, Màmá. Ẹlẹ́gbin ni màá máa gbé lọ sílé Ọlọ́run báyìí, ẹ má bínú sí mi. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ wà nílẹ̀ tí a kò tètè dé, ẹ bú wa. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ ilẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó jìnnà,
Délé