Ìjókòó Arẹwà Ti Padà Kọjú Sẹ́yìn

Bàbá Arẹwà,

Mo ti yí ìjókòó ọmọ padà sẹ́yìn nínú mọ́tò o. Má bínú, mo mọ̀ pé o làágùn lánàá kí o tó yí i kọjú síwájú. Mo pe nọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ má wo ti ọjọ́ orí. Bí orí ẹ̀ ò bá tíì fẹ́ dé etí òkè ìjókòó, ẹ jẹ́ kó máa kọjú sẹ́yìn. Ọrùn ẹ̀ ò tíì le."

Mo gbé Arẹwà síbẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: ó ku ìka mẹ́ta kí orí ẹ̀ tó dé etí òkè. Ló bá ń wo ìkùukùu lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni ń sin àlejò sọ́nà. Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé iṣẹ́.

Ojú ẹ̀ lo fẹ́ máa rí nínú dígí, mo mọ̀. Ṣe sùúrù. Ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní rí tiwa rò, ọ̀nà iwájú nìkan ni yóò máa wò.

Rọra wà á.