Ìdajì Ààrò Búrẹ́dì Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́jẹ́ẹ́ nílé búrẹ́dì, àkọ́bí ìyá mi, ni mo kọ ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Inú nìkan ló ń dà mí láàmú, dókítà yóò sì là á lọ́jọ́ Ẹtì. Olùkọ́ mi nínú ètò ọrọ̀ ajé ni kó mú un ṣẹ. Kí ó kà á sókè níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Oníbúrẹ́dì, torí ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí mo fi gbé lọ́dọ̀ wọn, n kò lè sọ ọ́ lójú wọn.

1. Àbúrò mi obìnrin ló ni ìwé mi gbogbo àti bàtà mi. Kí ó má gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi bàtà náà ti ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí.

2. Ibùsùn mi, àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin tí a rán pọ̀, mo dá a padà fún Oníbúrẹ́dì. "Àlejò wọlé, èrè jáde": bí wọ́n ṣe ń kí mi láràárọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọdẹ kò mọ̀ bóyá ààrò gbóná tàbí ó tutù; iye kan náà ni lóṣooṣù. Ìyẹ̀fun, ṣúgà àti igi ìdáná ló ń bá búrẹ́dì pọ̀, tó sì ń bá a dín kù. Nígbà tí ìyẹ̀fun wọ́n, búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ṣì ń pa owó ohun tí a fi ṣe é, ó sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún owó ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, ẹ ní ká máa dáná lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ dípò ojoojúmọ́. Ṣé onílé dín owó rẹ̀ kù ni? Búrẹ́dì díẹ̀ wá ń ru ẹrù tí púpọ̀ ń rù tẹ́lẹ̀. Ẹ bá fowó lé e, oníbàárà sá, ẹ tún dín iná kù. Lẹ́yìn náà lẹ wá wojú mi bí ẹni pé èmi ló lé èrè lọ. Ẹni a lè mú là ń lèdí mọ́.

3. Ìdajì ààrò tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi (Oníbúrẹ́dì ló ni ìdajì kejì), mo fi fún obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun, ẹni tí Oníbúrẹ́dì fẹ́ lé lọ lópin oṣù kí wọ́n lè ta ààrò náà. Wọn kò lè tà á mọ́ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Kí ó máa dáná lójoojúmọ́. Òun nìkan ló ń fi búrẹ́dì gbígbóná pa mọ́ fún mi, kò sì bi mí rí pé ìgbà wo ni n óò lọ.

4. Oníbúrẹ́dì ló ni àpótí tí mo máa ń jókòó lé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá kú tí búrẹ́dì ṣì wọ́n, kí wọ́n wá ẹlòmíràn gbé jókòó síbẹ̀.

Bí mo bá jí lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé yìí di asán, àfi nọ́ńbà kẹta. Ìyẹn, mo ti fi fún obìnrin náà láti òní.

Ìfọwọ́sí: Dákẹ́jẹ́ẹ́
Ọjọ́ Ajé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kẹta.
Ẹlẹ́rìí: Bàbá télọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.