Ihò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Lórí Gaspar

                                        El Naranjal,
                                        Lẹ́bàá Palenque,
                                        Chiapas.
                                        24 Oṣù Kẹwàá, 1996.

Nicolasa, àbúrò mi olórí kunkun,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbàkigbà tí a bá ní kí o wálé ńkọ́? Èmi le bí igi. Orúnkún nìkan ló ń ráhùn, mi ò sì dá a lóhùn.

Mo gbọ́ ohun tí o ní kí wọ́n sọ fún mi, pé o ò ní wá kí àwọn òkú wa ní Ọjọ́ Àwọn Òkú, pé Gaspar ọkọ mi ti kú, kò sí bí o ṣe lè bá a parí ìjà mọ́. Ìjà tàmálì! Ó ní tàmálì àgbàdo tí o wé sínú ewé sè le bí òkúta, o di ẹrù, o ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta títí ọkùnrin náà fi kú. Àbúrò mi, tàmálì yẹn le. Mo jẹ níbẹ̀.

Wàyí o, Evaristo ọmọ mi mú bíríkìlà kan wá láti ìlú, Hilario, pé kí ó da sìmẹ́ńtì bo sàréè bàbá òun kí ọjọ́ náà tó pé. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n ri páìpù sí ibi orí rẹ̀, kí ihò wà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé òkè. Hilario bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, ṣé bàbá fẹ́ máa mu omi òjò ni?"

Evaristo ní kí n má dójú ti òun, pé ta ló rí irú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Ọba rí i! Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ fi gé koríko lára òkè olókùúta tí wọ́n mọ lé ọba àtijọ́ lórí. Òun ló mú mi sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, tó fi ihò òkúta tó tẹ̀ lé àtẹ̀gùn hàn mí, láti ibi pósí ọba títí dé ilé orí òkè. Gbogbo òkúta yẹn, wọn ò fi dí ọba lẹ́nu. Wọ́n gbìn ín bí àgbàdo ni, kí ó máa mí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀. Ta ló ń gbin àgbàdo tó ń da sìmẹ́ńtì lé e?"

"Ìyá, ọba nìyẹn. Agékoríko ni bàbá mi."

"Níwájú ta lo ti ń sọ ọ́?"

Mo bá jókòó lé sàréè ọkọ mi. Wọ́n po sìmẹ́ńtì, mi ò dìde. Oòrùn mú, mi ò dìde. Nígbà tí sìmẹ́ńtì fẹ́ gan mọ́ garawa, Hilario fúnra rẹ̀ ló bẹ ọmọ mi: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ri páìpù ọ̀hún. Màmá yìí lè jókòó ju òkè ọba lọ."

Wọ́n rì í. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ fún Gaspar pé mo borí. Kò jiyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, àwáwí rẹ ti tán. Bí o bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Bí o bá fẹ́ sọ fún un pé tàmálì rẹ ò le, sè é wá, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi ṣèdájọ́. Mo ti fi ife amọ̀ dé ẹnu páìpù náà nítorí òjò. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, Evaristo pàápàá. Ìwọ ni yóò ṣí i.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í dìde,
Pascuala Peñate.